Fèrè Rashtigar Ò Ké

Rashtigar
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2018

Gulsambar ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, torí ó mọ̀ pé bí mo bá ti ki ẹnu bọ ọ̀rọ̀ tèmi, ìkíni lè bọ́ sọ́nù. Ó kí ọ. Ó ní ṣé ò ń jẹun. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá ló fi ń lọ sílé àdúrà. Èmi náà kí ọ. Lẹ́tà rẹ ti oṣù Kọkànlá dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo mọ̀ pé ìwọ àti ìyá rẹ máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá rin ìrìn wákàtí kan sọ̀kalẹ̀ dé ibi fóònù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ojú títì, ṣùgbọ́n pẹ̀lú orúnkún yìí, ìyẹn náà ti dín kù. Ní tèmi, láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ ibà ti di etí mi pa, ìwé nìkan ni mo ní. Má jẹ́ kó tún tó oṣù mẹ́ta mọ́.

Ọ̀rọ̀ tèmi nìyí. Wọ́n ti ri òpó fèrè ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba ló sanwó, iléeṣẹ́ kan láti olú ìlú ló ṣe é. Wáyà wà lẹ́nu adágún tó wà lábẹ́ òkè yìnyín. Bí adágún bá já, wáyà á ránṣẹ́ sí àpótí tó wà nídìí òpó, fèrè á ké, a ó sì ní bí ogún ìṣẹ́jú láti gòkè. Abúlé mẹ́fà ni wọ́n ṣe é fún. Èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú tiwa, torí pé èmi ni mo ti ń wọn gíga odò láràárọ̀ láti ọdún méjìlélógún, tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Shambi aládùúgbò wa sọ níbi tí a ti ń mu tíì pé, “Ẹ wá wo iṣẹ́ ìjọba. Adití ni wọ́n ní kó ṣọ́ fèrè.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mo kà á lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún un pé n kò nílò etí. Iná kékeré kan wà lára àpótí: bó bá tàn bí ewé, kò sí nǹkan, bó bá pọ́n, nǹkan ti bàjẹ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo ń wò ó, tí mo sì ń kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, fèrè náà ké. Yìnyín dé orúnkún. Gbogbo abúlé sá gòkè, mo pọn ìyá rẹ. A dúró fún wákàtí méjì, omi ò wá. Shambi wò mí, ó ní, “Tíṣà, omi máa ń sùn nínú oṣù Kìíní. Màlúù mi gan-an mọ̀ ọ́n.” Láti ọjọ́ náà, àríyànjiyàn ò tán nídìí tíì. Àwọn kan ní irọ́ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Shambi ní tàwọn baba wa sàn jù, pé odò fúnra rẹ̀ a máa kìlọ̀, pé bó bá ṣàdédé fà tán lójú ọ̀sán, kéèyàn sá. Mo sọ fún wọn pé ohun èlò lè ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan bí èèyàn ṣe ń ṣìṣe, ìyẹn ò sọ ìtàn arúgbó di òtítọ́. Ohun tí a bá wọ̀n ni kí a gbà gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún pé kí o máa wá ihò tí olè lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà, sọ fún mi ohun tó lè mú fèrè ké lásán. Mo yẹ àpótí wò, kò sí ibi tó já. Orúkọ iléeṣẹ́ ló wà lára rẹ̀, àti nọ́ńbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń ṣí i bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà wá: òdo, òdo, òdo, ọ̀kan. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè há a sórí.

Bàbá rẹ,
Hasil Murad


Leipzig
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, 2018

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Ara mi le. Mo ń jẹun. Òtútù ibí ò tó ti Rashtigar, àmọ́ oòrùn ò yọ, ọjọ́ ń lọ láìjọ ọjọ́.

Mo ka ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àpótí yín ń bá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀ láti ojú sánmà, kò nílò fóònù. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà náà lè jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, kó mú fèrè ké, tàbí kó pa á lẹ́nu mọ́. Mo rò pé ẹnì kan ló ṣe é lóṣù Kìíní, bóyá eré ló fi ń ṣe, bóyá kò tilẹ̀ mọ ibi tí fèrè náà wà láyé.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ bi olùtọ́jú fèrè ní abúlé Shirinkot bóyá nọ́ńbà kan náà ló wà lára tiwọn. Ẹ bi í bí ẹni tí ò ka nǹkan kan sí. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ilé mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kan tì, wọ́n sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Gulsambar


Rashtigar
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2018

Gulsambar ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á sókè fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní kí n yí i padà kí n wo ẹ̀yìn. Mo ní kò sí nǹkan lẹ́yìn. Ó ní, “Ó béèrè àpótí, kò béèrè orúnkún mi.” Ó dìde lọ síbi iná. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Bí o bá rí àyè, fi ìpara tí o fi ránṣẹ́ léṣìí ránṣẹ́.

Mo lọ sí Shirinkot. Mo bá olùtọ́jú wọn mu tíì oníyọ̀ ife mẹ́ta kí n tó béèrè. Nọ́ńbà kan náà ni. Òun náà ní abúlé tó wà lókè wọn, ọ̀kan náà ni.

Inú mi ò dùn pé mo lọ béèrè. Ó dà bí ẹni pé mo lọ wo abẹ́ aṣọ aláṣọ. Fi ẹ̀sọ̀ ṣe ohun tí o bá fẹ́ ṣe. Àwa la ń gbé níbí.

Bàbá rẹ,
Hasil Murad


Leipzig
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, 2018

Bàbá mi,

Ẹ kú ìgbìn ọ̀dùnkún. Ẹ bá mi bẹ Màmá. Mo ti fi ìpara méjì ránṣẹ́, àti ìbọ̀sẹ̀ onírun. Ẹ sọ fún un pé mo béèrè orúnkún náà.

Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo sì ní n kò ní gbowó. Ìdáhùn wọn jẹ́ ìlà méjì: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ohun èlò àwọn ò léwu. Mo tún kọ. Wọn ò fèsì mọ́.

Níbi iṣẹ́ wa, bí a bá rí ihò nínú nǹkan onínǹkan, a máa ń sọ fún un ní bòókẹ́lẹ́, a ó sì fún un ní ọjọ́ tí yóò fi dí i. Bí ọjọ́ bá pé tí kò dí i, a ó sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè mọ̀. Mo ti fún wọn ní àádọ́ta ọjọ́. Ó parí lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà.

Ọ̀gá mi níbí ní kí n má fi ọkàn sí i, pé iṣẹ́ ni. Mo ń gbìyànjú.

Ọmọ yín,
Gulsambar


Rashtigar
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, 2018

Gulsambar,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ìpara ti dé, ó ti ń fi para.

Ọkùnrin kan wá láti iléeṣẹ́ fèrè lọ́jọ́ Ajé. Ó pe gbogbo wa jọ síwájú ilé ẹ̀kọ́. Shambi ló jókòó níwájú mi, tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún mi kí n lè ka ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ọmọbìnrin kan láti abúlé yìí wà nílẹ̀ òkèèrè tó ń halẹ̀ mọ́ àwọn, pé ó fẹ́ fi wá wá orúkọ. Kò dárúkọ rẹ. Kò sí ẹni tó wò mí, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe mọ̀ pé gbogbo wọn mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ lórí rédíò ní ìlú Gilgit. Ẹnì kan ní irú rẹ la nílò, ẹlòmíràn ní ọmọbìnrin tí kò sí nílé kì í mọ ohun tílé nílò.

Gbọ́ mi. Oṣù Keje ń bọ̀, ìgbà náà ni òkè yìnyín máa ń yọ́. Fèrè tó ní ihò sàn ju àìní fèrè lọ. Olè lè má wá, omi á wá. Ní àná, Mahjan ìyàwó Shambi bi mí lọ́nà odò pé, “Tíṣà, ṣé fèrè náà ṣì dára? Ṣé a lè gbin ọ̀dùnkún dé ìsàlẹ̀?” Mo ní ó dára. Mo ń wo iná lójoojúmọ́, ó ń tàn bí ewé. Wọ́n ti gbìn dé etí omi.

Fi í sílẹ̀ di ìgbà òtútù. Èmi ni mo bẹ̀ ọ́.

Bàbá rẹ,
Hasil Murad


Leipzig
Ogúnjọ́ oṣù Kẹfà, 2018

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba lọ́jọ́ kẹwàá. Bó bá tilẹ̀ tètè dé, n kò mọ̀ bóyá ǹ bá dúró. Ẹ ní fèrè tó ní ihò sàn ju àìní fèrè. Lójú tèmi, fèrè tí ẹnikẹ́ni lè pa lẹ́nu mọ́ burú ju àìní fèrè, torí ẹ ó máa sùn lé e lórí. Ẹ fi ọ̀dùnkún dé etí omi.

N kò kọ nọ́ńbà náà síta. Mo kàn sọ pé ihò wà. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e. Àwọn ará ìlú wa kọ ọ̀rọ̀ èébú sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí mo bá kàwé náà wà nínú wọn. N kò kà wọ́n tán. N kò sunkún. Mo rò pé ó yẹ kí n sunkún.

Iléeṣẹ́ náà ti wá fèsì. Mo tú ọ̀rọ̀ wọn síbí bó ṣe wà: “A ó pa ohùn gbogbo fèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà títí a ó fi tún wọn ṣe. A ti fi tó àwọn abúlé létí.” Nítorí náà ẹ̀yin náà á ti gbọ́. Wọn ò sọ iye ọjọ́ tó máa gbà. Kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí odò.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Ọmọ yín,
Gulsambar


Rashtigar
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, 2018

Gulsambar ọmọ mi,

A wà láàyè, èmi àti ìyá rẹ. Ó ní òun gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn omi, pé orúkọ rẹ̀ nìkan lo pè kí iná tó lọ. Abẹ́ àgọ́ ni mo ti ń kọ èyí.

Adágún já lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo ti wo iná láàárọ̀, ó tàn bí ewé, mo kọ ọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ọ̀pá tí mo fi ń wọn odò. Omi tó yẹ kó dé ìbàdí mi ò dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, ó ń rọra fà, àwọn òkúta tí n kò rí rí ti yọrí. Mo dúró wò ó. Ọmọ mi, mo dúró. Mo mú bébà jáde láti kọ gíga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ohun tí Shambi ti ń sọ láti ọdún yìí wá, mo sì sáré.

Mo ń pariwo, mo ń ju fìlà mi. N kò mọ bí ariwo náà ṣe jáde. Àwọn tó wà lókè rí mi, wọ́n sáré. Nísàlẹ̀, Mahjan ń wa ilẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fa apá rẹ̀. Ó nàró, ó wo òpó fèrè, ó wò mí, ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè kà á: “Tíṣà, fèrè ò tíì ké.” Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní kí n jẹ́ kóun kó àpò òun. Mo fà á títí apá rẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nígbà náà. Mo fi í sílẹ̀, mo gòkè.

Òun nìkan ló kú. Àwọn tó wá láti ìjọba ń sọ “ẹnì kan ṣoṣo” bí ẹni mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ilé mọ́kànlá lọ, ilé ẹ̀kọ́ lọ, tiwa lọ. Ọjọ́ kejì la rí Mahjan nísàlẹ̀ afárá. Shambi ló wẹ ẹrẹ̀ ojú rẹ̀, kò jẹ́ kí obìnrin kankan ṣe é.

Iléeṣẹ́ ní fèrè wà níṣẹ́, pé omi ló wó òpó kó tó ráyè ké. Ṣùgbọ́n omi ò dé òpó títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi kọjá. Mo dúró lókè, mo ń wò ó. Òpó wà lóòró, iná náà ń tàn bí ewé. Gbogbo àwọn tó ní etí ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ mọ nǹkan wọ̀nyí: báwo ni iná ṣe máa ní kò sí nǹkan, kí ohùn sì ti kú?

Ìyá rẹ kí ọ.

Bàbá rẹ,
Hasil Murad


Rashtigar
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Keje, 2018

Gulsambar,

Lẹ́tà rẹ ti ogúnjọ́ oṣù Kẹfà dé lónìí. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ yín wà lára rẹ̀, ọjọ́ kọkànlélógún. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan tó wa létí. Kò sí ẹni tó wá, wọn ò fi ìwé ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò pe ṣọ́ọ̀bù ojú títì.

Mo kà á fún ìyá rẹ. Ó bi mí nǹkan kan. Mo kọ ọ́ síbí, torí n kò lè dá a lóhùn: kí ló dé tí o kò pe ṣọ́ọ̀bù?

Nǹkan mìíràn wà. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án, ìjọba máa jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ níbí. Iléeṣẹ́ máa sọ pé fèrè wà níṣẹ́. Lẹ́tà rẹ yìí nìkan ni ìwé tó wà lọ́wọ́ wa tó fi hàn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó ṣáájú omi, pé wọ́n ti sọ pé àwọn máa pa á lẹ́nu mọ́. Bí mo bá gbé e jáde, irọ́ wọn tán. Ṣùgbọ́n n kò lè ka ààbọ̀. Bí mo bá kà á, Shambi máa mọ̀ pé ìwọ mọ̀ ní ọjọ́ méjìdínlógún kí omi tó wá.

N kò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Ó wà lápò mi. Sọ ohun tó yẹ kí n ṣe.

Hasil Murad


Leipzig
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, 2018

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín méjèèjì dé pọ̀. Mo ka èkejì ṣáájú, torí n kò wo ọjọ́ tó wà lórí wọn.

Ẹ sọ fún Màmá: mo ní nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkùnrin tó ni ín wà lára àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní mo ń fi omi abúlé wẹ ojú ara mi. Mo bínú. Mo ní ṣebí iléeṣẹ́ ti sọ fún wọn, kí ni mo tún ń wá lẹ́nu rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo jù ú sínú àpótí lẹ́tà lójú ọ̀nà iṣẹ́, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n má gba ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ kankan gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ kan yìí ni mo gbà gbọ́, torí ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á.

Ní ti iná: iná yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ohùn. Ohun tó ń sọ kò ju pé àpótí ń rí iná mànàmáná jẹ. Ẹni tó ṣe é rò pé ìyẹn tó. Ẹ̀yin ò ṣi í kà, Bàbá. Ohun tí wọ́n ní ó ń sọ lẹ gbà.

Ẹ kà á. Ẹ ka gbogbo rẹ̀, ẹ má fo ìlà kankan. Mo fi ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tó wá sórí kọ̀ǹpútà mi sínú àpòòwé yìí, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fọwọ́ sí i níwájú agbẹjọ́rò.

Mo ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ń jẹun. Àwọn èèyàn ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ń dá wọn lóhùn, ó dà bí pé ẹlòmíràn ló ń dáhùn.

Gulsambar


Rashtigar
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, 2018

Gulsambar ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Wọ́n ti fún wa ní yàrá kan nílé àbúrò rẹ̀ títí ilé máa fi dúró.

Abẹ́ àgọ́ ni wọ́n jókòó sí. Ọ̀gá láti ìjọba wà láàárín, ọkùnrin iléeṣẹ́ lápá ọ̀tún, ẹni kan náà tó wá lóṣù Karùn-ún. Shambi jókòó níwájú mi bó ṣe máa ń ṣe, ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún mi kí n lè kà á lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin iléeṣẹ́ ní fèrè wà níṣẹ́. Shambi tún un sọ fún mi. Ó ní àwọn ará abúlé ló ń sùn, tí wọn ò gbọ́. Shambi tún ìyẹn náà sọ, ojú rẹ̀ ò yí padà.

Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo fi òǹtẹ̀ han ọ̀gá, mo sì ka lẹ́tà rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ka ibi tí o ti ní o kò sunkún. Mo ka ibi tí o ti tú ọ̀rọ̀ wọn. Mo wá ka èkejì, ti oṣù Kẹjọ, níbi tí o ti sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. N kò mọ bí ohùn mi ṣe rí. Ìyá rẹ ní ó ga jù, pé àwọn tó wà létí odò gan-an á gbọ́. Mo parí, mo sọ ọ̀rọ̀ tèmi kún un: pé èmi ni mo sọ fún Mahjan pé ó lè gbìn dé ìsàlẹ̀, pé èmi ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ abúlé yìí pé kí wọ́n má ka ohun tí odò ń sọ sí. Ohun tí odò ń sọ ṣeé wọ̀n. Èmi ni n kò wọ̀n ọ́n.

Ọ̀gá gba lẹ́tà méjèèjì, àti ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tí o tẹ̀ jáde. Ọkùnrin iléeṣẹ́ ní òun nílò àyè láti bá olú ìlú sọ̀rọ̀. Ó ti hàn lójú gbogbo èèyàn pé wọ́n purọ́. Wọ́n máa san owó ilé fún wa, wọ́n sì máa ṣe fèrè mìíràn. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo wo iwájú mi, àga Shambi ti ṣófo.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò wá. Kò sí ẹni tó bá mi jókòó nídìí tíì, wọn ò sì lé mi. Mo ń lọ wọn odò láàárọ̀, mo ń padà. Oníṣọ́ọ̀bù ojú títì fi àpò ìyẹ̀fun kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ láìsọ̀rọ̀. Ìyá rẹ gbà á.

Lánàá ni Shambi wọlé. Ó ti gbẹ. Ìyá rẹ gbé tíì síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó sún mọ́ mi, ó rọra ń ya ẹnu kí n lè rí i. Ó ní, “Mú bébà. Kọ ọ́ sí ọmọ rẹ.”

Mo mú bébà.

Ó ní, “Sọ fún un pé n kò tíì dárí jì í. Bóyá n ó dárí jì í, n kò mọ̀. Wọ́n ní fèrè mìíràn ń bọ̀ nígbà ìrúwé. Kó wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ri í mọ́lẹ̀, láti ẹnu adágún títí dé ibí. Kó dúró kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń ké. Kí ẹlòmíràn má yẹ̀ ẹ́ wò.”

Mo bi í pé, nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé, kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ.

Ó ní, “Òun ni mo mọ ilé bàbá rẹ̀.”

Ó ní kí n má fi oyin sí ọ̀rọ̀ òun. N kò fi sí i. Mo kà á padà fún un, ó mi orí, ó sì jáde. Ìyá rẹ da tíì náà padà sínú ìkòkò.

Bàbá rẹ,
Hasil Murad